Fótò Ẹ̀yìn Kòkòrò

"Má mí," ni Àsíátù sọ fún ara rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n. "Bí o bá mí báyìí, gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́."

Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní, ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yọ sókè bí ebè tuntun. Obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́rin kì í ṣe ẹni tó yẹ kó máa fi àyà fà bí alángbá. Ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kó súnmọ́ ilẹ̀, ọmú rẹ̀ ń ti kámẹ́rà sọ́tùn-ún, eékún rẹ̀ ń dún ko-ko-ko. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kan ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà, ó sì di èkejì pinpin. Nínú àwo tánganran funfun tó wà níwájú rẹ̀, iná orí kan ń rìn. Lójú lásán, kò ju hóró yánmọtí lọ. Nínú kámẹ́rà, ó tóbi bí ìjàpá.

"O ti rí i?" ni Ìyá Àgbà bèèrè láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá ọkọ Àsíátù ni, òun ló sì ni orí tí iná náà ti wá. Ojú arúgbó náà ti ṣú. Kò rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ mọ́.

"Ẹ dákẹ́ ná, Ìyá. Ó ń rìn."

"Á rìn kẹ̀! Iná orí tèmi? Láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan ni bàbá bàbá rẹ̀ ti ń bá mi ná ọjà Yókò. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ́nà."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Àsíátù. Kámẹ́rà mì, ìka rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì láìròtẹ́lẹ̀, ṣáà! Fótò kan ti lọ lásán. Ó yí ara rẹ̀ padà, ó nà gbalaja sórí ẹní, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń ṣàn létí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín dá, omijé kò dá. Ìyá Àgbà gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún kí Àsíátù tó bọ́ nínú opó. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ̀sìn ní kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú fi jókòó sílé. Kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà para, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan títì. Ó so fọ́nrán òwú kan mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, àràárọ̀ ló ń ta kókó kan sí i. Ohun tó ń rí nínú gbogbo Sakété kò ju èyí tí fèrèsé gbà lọ. Wọ́n ta aṣọ bo apá òkè fèrèsé náà, nítorí náà ẹsẹ̀ ló ń rí, kì í rí orí. Ó ti mọ àdúgbò ní ẹsẹ̀ tán. Ó mọ ẹni tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sán, ó mọ ẹni tó ra bàtà tuntun, ó sì mọ ẹni tó ń gba ibẹ̀ lọ síbi tí kò yẹ kó máa lọ.

"Bí mo bá jáde," ló máa ń sọ fún Ìyá Àgbà, "ẹsẹ̀ ni n óò máa kí káàkiri. Wọ́n á ní opó ti yí mi lórí."

Ọkọ rẹ̀, Ṣàmsídéènì, ni gbogbo ìlú ń pè ní Ṣàmsù Fótò. Ọdún kẹta rèé tí ilẹ̀ Dàhòmì gba òmìnira, gbogbo ènìyàn sì ń wá fótò káàdì. Ìlà àwọn oníbàárà ti máa ń gùn láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù dé ìdí igi máńgòrò. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ló pa Ṣàmsù. Ìlà náà tú ká bí eṣinṣin tí wọ́n gbé àwo kúrò níwájú wọn.

Kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ pé ta ló ń fọ fótò wọ̀nyẹn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ṣàmsù fi ń tẹ bọ́tìnnì. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni Àsíátù fi wà nínú yàrá òkùnkùn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, tó ń ri bébà bọ inú omi oògùn, tó ń sá fótò sórí okùn bí ẹni ń sá ẹ̀wù ọmọ. Òun ló ń fi pẹ́ńsùlù ẹnu ṣóńṣó pa ìlà ojú àwọn arúgbó rẹ́. Òun ló ń fún àwọn tí eyín wọn ti ká ní eyín tuntun. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ni ayé ń pè níṣẹ́. Ẹni tó wà lókùnkùn, alágbàfọ̀ ni.

Nítorí náà, ẹbí ti pinnu pé Súbérù, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni yóò ṣú u lópó. Súbérù ń ta aṣọ lọ́jà, ó ní ìyàwó méjì, ẹ̀rín rẹ̀ sì pọ̀ ju eyín ẹnu rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, èyí gan-an ló mú ọ̀rọ̀ náà le. Bó bá jẹ́ òṣìkà ni, à bá bú u, kí ara tù wá. Jímọ̀ọ̀-Jímọ̀ọ̀ ló ń gbé ṣúgà àti ìrẹsì wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àsíátù wọlé ìyàwó, ọmọ ọdún márùn-ún ni Súbérù, Àsíátù ló sì ń ṣandí fún un bó bá yàgbẹ́ tán. Nígbàkúùgbà tó bá rò ó pé ìdí yẹn kan náà ni yóò wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì òun, ẹ̀rín á kọ́kọ́ gbé e, lẹ́yìn náà òógùn tútù á bò ó.

Ibo ló fẹ́ sá gbà? Àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wà nílé ọkọ. Bàbá rẹ̀ ní Pobè ti gba obì lọ́wọ́ Súbérù. Bàbá náà ránṣẹ́ sí i pé, "Obìnrin tí kò lọ́kọ, tí kò níṣẹ́, ṣé afẹ́fẹ́ ni yóò máa jẹ? Ọjọ́ tí o bá ní iṣẹ́ ọwọ́ tìrẹ, ránṣẹ́ sí mi, n óò dá obì rẹ̀ padà fún un lójú gbogbo ayé." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé ọjọ́ tí àkùkọ bá hu eyín.

Bí ilẹ̀kùn méjèèjì ṣe tì nìyẹn, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, kí Honoré tó dé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ló dé, lórí kẹ̀kẹ́ tí eruku ti sọ di pupa. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Àjàṣẹ́ ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní oko ọ̀pẹ kan ní Pobè.

"Ẹ kú ilé o, Ìyá. Ọ̀gá Ṣàmsù ńkọ́?"

"Ó wà ní itẹ́ òkú," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Ṣé kí n bá ọ pè é?"

Honoré sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ nínú yẹ̀pẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun kò gbọ́. Ìyá Àgbà ní kó dìde. Ó ní ìyàwó olóògbé wà nínú ilé, opó ni, kò sì gbọdọ̀ bá ọkùnrin tí kì í ṣe ẹbí sọ̀rọ̀ lójúkojú. "Èmi ni kí o bá sọ̀rọ̀. Bí ògiri bá gbọ́, ẹjọ́ ògiri nìyẹn."

Honoré gbọ́n. Ó nu ẹnu, ó kọjú sí arúgbó, ó sì gbé ohùn sókè. "Ìyá, ẹ bá mi sọ fún ògiri pé kòkòrò kan ti wọ inú ọ̀pẹ wa. Ó ti dé Ìta-Ìjẹ̀bú báyìí. Ewé ọ̀pẹ á gbẹ bí ìgbà tí iná jó o. Ọ̀gá wa ń rìnrìn àjò ní Ọjọ́bọ̀, ó fẹ́ mú fótò kòkòrò náà lọ fún àwọn tó mọ oògùn rẹ̀. Ọ̀gá Ṣàmsù ló ti ṣèlérí pé òun á yà á. Kòkòrò náà kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ẹni tó bá sì lè yà á, iṣẹ́ wà fún un lọ́dọ̀ wa, nítorí kòkòrò kì í tán lára ọ̀pẹ."

"Ìyá," ni ohùn kan ké láti inú ilé, "ẹ sọ fún un pé ògiri lè yà á."

Honoré wo ilé, ó wo Ìyá Àgbà. "Ògiri wo?"

"Ògiri kan ṣoṣo tó ń fọhùn nílé yìí ni. Lọ mú kòkòrò rẹ wá."

Kì í ṣe irọ́ ni Àsíátù pa. Láti ọjọ́ pípẹ́, bó bá fẹ́ pa ìlà ojú arúgbó rẹ́ lára fíìmù, ńṣe ló máa ń yọ ojú kámẹ́rà, ìyẹn dígí iwájú rẹ̀ tó ń yí wọlé yí jáde. Á yí i kẹ́yìn síwájú, á wo inú rẹ̀, irun ìpéǹpéjú á sì di okùn. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀ lójú èèyàn, kí ni kò ní jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú kámẹ́rà? Ó gé orí àti ìdí agolo wàrà kan dànù, ó fi agolo náà sáàárín kámẹ́rà àti dígí tó ti yí padà, ó sì fi rọ́bà kẹ̀kẹ́ we gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má ráyè wọlé. Ó rí bí ẹni tó wọ bàtà sódì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dojú rẹ̀ kọ èèrà kan lórí ògiri, èèrà náà wo òun náà padà, pẹ̀lú irun lójú. Àsíátù ké, ó sì sá sẹ́yìn.

Kò rọrùn. Kámẹ́rà náà kò ríran ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ. Bí ojú kòkòrò bá mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wà nínú kùrukùru. Bí èèyàn bá mí, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Ìdí nìyẹn tó fi lo fíìmù kan tán lórí èèrà, eṣinṣin, ìdun abẹ́ ẹní àti iná orí ìyá ọkọ rẹ̀. Fíìmù kan ṣoṣo ló wá kù.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Honoré fi ìgò kan lé Ìyá Àgbà lọ́wọ́. Kòkòrò mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ. Wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí epo tó ti dì.

"Ẹ bá mi sọ fún ògiri pé kí gbogbo ara rẹ̀ hàn kedere," ni Honoré wí. "Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni n óò padà wá."

Àsíátù ri ìgò náà sínú amù omi títí kòkòrò fi tutù, tí wọn kò lè sáré mọ́. Ó gbé ọ̀kan sórí ewé níbi tí oòrùn ti ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó gbé dígí ìwojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè da ìmọ́lẹ̀ padà, ó sì ta aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣe gẹ́gẹ́ bí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe fún gbogbo àgbà ìlú. Ṣàmsù máa ń sọ pé fótò tí kò bá ní ojú méjì, ti olè ni. Kí àgbàlagbà jókòó kó fojú kò wá, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí orúnkún, kí ẹsẹ̀ méjèèjì hàn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a gé nǹkan kan lára rẹ̀. Àsíátù mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo, ó fi yí kòkòrò náà kó lè kọjú sí i. Ó tẹ́ ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ méjèèjì sọ́tùn-ún sósì. Ó tilẹ̀ gbé ìwo orí rẹ̀ méjèèjì dúró bí ẹni ń tún fìlà ṣe fún olóyè.

"Bàbá, ẹ jókòó dáadáa," ló sọ fún un. "Ẹ má rẹ́rìn-ín."

Fótò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló yà, tí fíìmù fi ku mẹ́ta. Ó wọ yàrá òkùnkùn, ó gé apá tó ti yà, ó fọ̀ ọ́, ó sì dá ìyókù padà sínú kámẹ́rà. Nígbà tí àwòrán àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde nínú omi oògùn, tó gbojú sókè bí olórí ìdílé, ó kígbe, "Ìyá! Ìyá, ẹ wá wo baálé ilé!" Ó gbàgbé pé arúgbó kò ríran. Inú òkùnkùn ló ti ń jó, ìdí rẹ̀ gbá omi oògùn kan dànù, ó sì fi aṣọ opó rẹ̀ nù ún.

Ní Ọjọ́rú, Súbérù yọ sí ẹ̀yìnkùlé láìkan ilẹ̀kùn. Ibi tí àwọn fótò ti ń gbẹ lórí okùn ló fojú kàn.

"A'úsùbílláhì!" Ó fò sẹ́yìn, fìlà rẹ̀ sì bọ́. "Kí nìyí? Àǹjọ̀nnú ni?"

"Kòkòrò ọ̀pẹ ni, ọkọ mi," ni Àsíátù wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ, láti ọjọ́ tó ti wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. "Iṣẹ́ ni. Àwọn ará Pobè ló gbé e fún mi."

"Fún ọ?" Súbérù mú fìlà, ó gbọn ọ́n, ó sì rẹ́rìn-ín. "Àsíá." Ìgbà tí opó ti ń lọ sópin ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé orúkọ rẹ̀ kúrú, tẹ́lẹ̀, Ìyàwó Wa ló ń pè é. "Àsíá, sinmi. O ti ṣiṣẹ́ tó. Mo ti bá káfíńtà sọ̀rọ̀, á wó ògiri yàrá òkùnkùn yẹn, ibẹ̀ ni n óò máa kó ìdì aṣọ sí. Kámẹ́rà náà, ẹnì kan ní Àjàṣẹ́ ti ní òun fẹ́ ẹ. Àárọ̀ ọ̀la ni n óò wá mú un."

"Àfáà kò tíì pín ogún."

"Kí ni àfáà fẹ́ pín níbẹ̀? Ta ló fẹ́ lò ó? Ṣé o fẹ́ máa fàyà fà káàkiri ìlú, kí àwọn èèyàn máa wò ọ́? Ìyá, ẹ bá mi dá sí i."

Ìyá Àgbà ń bó ẹ̀gúsí lórí àpótí. Kò gbé orí sókè. Àsíátù wò ó, ó ń retí. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì péré ni arúgbó náà bí. Ọ̀kan ti wà ní itẹ́ òkú, èyí tó kù ló dúró sí ẹ̀yìnkùlé yìí. Ẹ̀gúsí ń dún pẹ-pẹ-pẹ nínú igbá. Súbérù gbé ṣúgà tó mú wá kalẹ̀, ó sì lọ.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ mọ́. Àsíátù ta kókó mọ́ òwú. Ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá. Kò pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ Honoré fi dún lábẹ́ fèrèsé. Ìyá Àgbà gba inú fèrèsé na àwọn fótò sí i. Àsíátù dúró lẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó ń retí kí ó kígbe ayọ̀. Ìró bébà tó ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan ló gbọ́.

"Ẹ bá mi sọ fún ògiri," ni Honoré wí níkẹyìn, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, "pé irú èyí kò tíì sí rí. Mo rí irun imú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀yìn ta ni?" Àsíátù gbàgbé Ìyá Àgbà, ó fèsì fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yìn kòkòrò, Màmá. Kòkòrò méjì ló jọra, ojú kan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀yìn ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Èyí tó ń pa ọ̀pẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ní ilà bí ebè; èkejì, ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. Oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Láìsí ẹ̀yìn, ọ̀gá mi kò lè fi èyí ṣe nǹkan kan."

"Ta ló ń ya ẹ̀yìn èèyàn?" ni Àsíátù wí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Fótò mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ó gbé kòkòrò jókòó bí baálẹ̀. Ẹ̀rín ń bọ̀, ẹkún ń bọ̀. "Ìwọ náà kò sọ ọ́!"

"Mo ní kí gbogbo ara rẹ̀ hàn, Màmá."

"Gbogbo ara èèyàn, ojú ni!" ni Ìyá Àgbà dá sí i. "Aago mélòó ni ọ̀gá rẹ ń lọ?"

"Ọ̀sán gangan ni mọ́tò rẹ̀ máa kọjá níbí."

Nínú kòkòrò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ti kú, ọ̀kan ti fò lọ. Èyí tó kù ló wà nínú amù. Àsíátù yọ ọ́ jáde, ó gbé e sórí ewé nínú oòrùn ẹnu ọ̀nà, ó sì dojú bolẹ̀. Ó na kámẹ́rà sókè, ó wò ó láti orí wálẹ̀. Ilà wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò lọ wọ́rọ́wọ́rọ́ bí ebè ọjọ́ àkọ́rọ̀ òjò. Ó tẹ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n eékún rẹ̀ yẹ̀, ó mọ̀ pé ó ti bàjẹ́. Ó ku méjì.

Kòkòrò náà ti ń móoru. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Àsíátù dá èémí dúró, ó ń sún kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ilà àkọ́kọ́ mọ́, ìkejì mọ́. Gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Súbérù ló dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti wọ agbádá ìrìn àjò, òjìji rẹ̀ sì bo ewé, ó bo kòkòrò, ó bo obìnrin náà láti orí dé ìdí.

"Mo ti dé o. Gbé e fún mi, mọ́tò Àjàṣẹ́ ń dúró."

Àsíátù kò dáhùn. Kò lè dáhùn. Èémí wà nínú rẹ̀ bí omi nínú ìkòkò tó kún dé ẹnu.

"Àsíá, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀yìn lo wá ń kọ sí mi báyìí? Kí opó tó tán? Ta tilẹ̀ ni ọkùnrin tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn?"

Àyà rẹ̀ ń jó. Kòkòrò náà gbé ẹsẹ̀ kejì, ó na ìyẹ́ díẹ̀. Láìpẹ́ yóò fò, iṣẹ́ á bá a fò, obì bàbá rẹ̀ á sì di jíjẹ.

Ìyá Àgbà wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Kò rí kòkòrò, kò rí kámẹ́rà. Ìmọ́lẹ̀ àti òjìji nìkan ni ojú rẹ̀ ń mọ̀, ó sì mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan tó ti wà lórí ilẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó na ọwọ́, ó wá agbádá ọmọ rẹ̀ kàn, ó fà á.

"Súbérù, kúrò nínú oòrùn ìyàwó mi."

"Ìyá?"

"Mo ní o dí oòrùn rẹ̀. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́."

Súbérù yẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, bóyá nítorí agbádá rẹ̀, bóyá nítorí ohùn náà. Oòrùn padà dà sórí ewé gbàà. Ilà ẹ̀yìn kòkòrò náà mọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣáà! Ó tún tẹ ẹ́. Ṣáà! Kòkòrò náà ṣí ìyẹ́, ó gba àárín ẹsẹ̀ Súbérù fò jáde.

Àsíátù mí. Ó mí débi pé ewé ṣí kúrò nílẹ̀. Ó gbìyànjú láti dìde, eékún kọ̀, ó tún gbìyànjú, ó gbá kámẹ́rà mọ́ àyà, ó rá kòrò wọ yàrá òkùnkùn, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ ṣí ilẹ̀kùn yẹn bí ó bá wà nínú rẹ̀. Súbérù pàápàá mọ òfin yẹn láti kékeré, nítorí ó ti ṣí i rí lọ́mọdé, Ṣàmsù sì nà án.

Nínú òkùnkùn, ó ń gbọ́ wọn bí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

"Ìyá, ṣé èmi kì í ṣe ọmọ yín mọ́ ni?"

"Ọmọ mi ni ọ́. Èmi bí ọ, òun nudí rẹ. Ẹni tó nudí fún ọ, ìyá rẹ ni, Súbérù. Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì láti oṣù mẹ́ta, ó ń dùn mí níkùn bí ẹ̀wà àìjinná."

"Ẹbí ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀. O kàn gbà ni. Ohun òkú kò ní jáde nílé yìí kí àfáà tó pín in. Lọ́jọ́ náà, èmi náà ní ìpín lára ogún ọmọ mi, kámẹ́rà ni n óò sì mú. Kó o má bi mí ẹni tí n óò fún."

Àsíátù gbọ́ ẹsẹ̀ Súbérù tó ń lọ, wúyẹ́wúyẹ́ agbádá ń tẹ̀ lé e. Kò dún bí ẹsẹ̀ ẹni tó bínú, kò sì dún bí ẹsẹ̀ ẹni tó gbà.

Omi ṣì ń kán lára fótò náà nígbà tí Honoré fi bébà wé e tó fi gun kẹ̀kẹ́ lọ sẹ́bàá títì. Ọ̀sán pọ́n. Fèèrè mọ́tò dún, ẹ́ńjìnnì kan kùn sójú kan, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì lọ. Àsíátù jókòó sórí ẹní, ó ń fi ìka fá oògùn fótò kúrò lábẹ́ èékánná, ó ń wo fèrèsé. Ẹsẹ̀ méjì tí eruku pupa bò dé.

"Ìyá, ẹ bá mi sọ fún ògiri," ni Honoré wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "pé ilà náà pé. Òun ni. Ọ̀gá mi ti mú un lọ. Ó ní ọmọ kòkòrò náà, ìdin tó wà nínú ewé, ló kù tí a máa yà, àti pé kí ẹni tó ya èyí wá sí Pobè lọ́jọ́ Ajé."

Àsíátù wo òwú tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Pobè kò jìnnà. Wákàtí kan ni mọ́tò. Àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà yẹn nìkan ló gùn.

"Sọ fún wọn pé ọjọ́ mẹ́tàlá ló kù kí n bọ́ nínú opó ọkọ mi," ló wí fúnra rẹ̀, láìfi ohùn pamọ́. "Opó mi tọ́ sí i, n óò ṣe é pé. Ọjọ́ kẹrìnlá, n óò wà ní Pobè kí oòrùn tó yọ."

"Màmá, bóyá wọn á dúró o. Mi ò mọ̀."

"Bí wọn ò bá dúró, kòkòrò á dúró. Ìwọ lo ní kì í tán." Ó sún mọ́ fèrèsé. "Honoré, bó o bá dé Pobè, ya ilé bàbá mi ní ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí. Fi ọ̀kan nínú àwọn fótò ìjẹta hàn án, èyí tó jókòó bí baálé ilé yẹn. Sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ti níṣẹ́ ọwọ́. Kó dá obì padà."

Honoré lọ. Ìyá Àgbà ń kùn lórí àpótí, ó ń fi gbogbo èékánná họ orí. "Iná yìí ti mọ̀ pé o ti rí iṣẹ́ ńlá, o ò ní ya òun mọ́. Ó ti ń bínú."

"Ẹ ní kó ní sùúrù," ni Àsíátù wí. "Ẹ̀yìn ni mo máa yà fún un lọ́tẹ̀ yìí."

Ó rọra fa bàtà rẹ̀ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tí kò wọ̀ láti oṣù mẹ́rin. Eruku ti bò ó, èèrà sì ti fi inú rẹ̀ ṣe ọ̀nà. Ó gbọn ọ́n, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọjú rẹ̀ síta. Èèrà kan jábọ́, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gba ọ̀nà ìta lọ.

Fíìmù ti tán nínú kámẹ́rà. Síbẹ̀ Àsíátù gbé e sójú, ó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìnira ikùn àti eékún, ó sì dá èémí dúró. Èèrà náà gun orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, ó dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó hàn kedere. Ó wò ó títí ó fi kọjá.